Bí Mo Ṣe Wá Orúkọ Bàbá Àgbà Mi Dé Ìbógun

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Mowe, Káfáyà yín ti dé o! Ẹ má tíì bi mí nípa ẹsẹ̀ mi tó wú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lẹ́nu mi kó tó bú jáde fúnra ẹ̀. Mo ti dé ibi tí ìwé pọ̀ ju èèyàn lọ! Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń bínú sí ẹni tó bá kí wọn káàárọ̀! Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó, ìdúró ni mo fi ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà mi ló gbé mi jáde nílé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n, Bàbá Bíríkìlà. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá mi ni Bàbá ti ń sọ ọ́ pé nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, ọ̀mọ̀wé kan wá láti yunifásítì, pé àwọn làwọn mú un káàkiri gbogbo odò tó wà láàárín Mowe sí Ìbàfọ̀, àti pé ọ̀mọ̀wé náà kọ orúkọ àwọn sínú ìwé. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, Bàbá á jókòó síta mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kàmọ́rù, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ dàgbà, á ní, "Ìwé dà?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá ni Bàbá Kàmọ́rù wá fún wọn lórúkọ tuntun: Bàbá Oníwèé. Ó di pé ẹni tó ń ta omi, ẹni tó ń fá irun, gbogbo wọn ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ò jókòó síta mọ́ṣáláṣí mọ́. Wọ́n á kírun tán, wọ́n á wálé tààrà, wọ́n á dojú kọ ògiri. Ojú wọn náà ti ń ṣú. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà o, wọ́n kàn dákẹ́. Bàbá tí ẹnu wọn kì í sinmi! Ó dùn mí dé egungun.

Mo ní mo máa lọ wá ìwé yẹn. Mi ò sọ fún Bàbá, torí tí mi ò bá rí i ńkọ́? Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, ibo lo fẹ́ wá ìwé dé?" Mo ní ibikíbi tó bá wà.

Ìbàfọ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà Ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Ìbàfọ̀ ṣe súnmọ́ wa tó, síbẹ̀ àjèjì ni mo dà níbẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ilé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní ó ní ìwé ju ẹnikẹ́ni lọ, obìnrin kan wò mí látòkè délẹ̀.

"Ará ibo nìyí?"

"Mowe ni mo ti wá, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n! Mo ti rí i lójú ẹ."

Kí ló rí lójú mi? Mo wo díńgí títí, mi ò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí pálọ̀ Tíṣà ṣe rí. Gbogbo àga tó wà níbẹ̀, ìwé ló jókòó sí i. Tíṣà àti ìyàwó wọn jókòó sórí àpótí. Ìwé kan wà tí wọ́n fi aṣọ bò, wọ́n ní òtútù ń mú un. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Fọ ọwọ́ ẹ."

"Sà?"

"Ìwé kì í fẹ́ epo. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, sà."

"Á jẹ́ pé kí o jẹun ná, kí o wá fọ̀ ọ́. Ta ló ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

Ni ìyàwó wọn bá gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà wá. Mo jẹ ẹ́, mo fọ ọwọ́, Tíṣà yẹ ìka mi wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi nọ́ọ̀sì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá ṣe.

"Kí ni àkọlé ìwé náà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ọ̀mọ̀wé kan, sà."

"Ọdún wo?"

"Nígbà tí bàbá àgbà mi ṣì ní gbogbo eyín wọn."

Tíṣà di ojú. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Ìyàwó wọn ní, "Má dá a lóhùn, ó ń ronú ni." Tíṣà la ojú, wọ́n ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ń wá ìwé, ọ̀nà mẹ́ta ló ní. Kó mọ ẹni tó kọ ọ́, tàbí kó mọ àkọlé ẹ̀, tàbí kó mọ ohun tó dá lé lórí. O ò mọ méjì àkọ́kọ́. Kí ni ìwé yẹn dá lé lórí?"

"Odò, sà. Àwọn odò tó wà lọ́dọ̀ tiwa níbí."

Tíṣà fò sókè! Bàbá arúgbó yẹn fò! "Ìwé odò! Mo ní i! Aláwọ̀ búlúù!" Ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé. A tú u títí a fi kan ìwé kékeré kan tí Tíṣà fi ń kọ orúkọ ẹni tó bá yá nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ó wà níbẹ̀: ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ìfọ̀ ti yá ìwé odò náà, ó ní ọ̀sẹ̀ kan lòun máa fi kà á. Ó ti lé ní ogún ọdún. Ọ̀rẹ́ náà ti kú, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ.

Tíṣà ò wò ó pé ó ti kú. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé olóògbé, wọ́n kà á sókè kí wọ́n tó pa á dé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ rán yín létí pé ìwé ti pẹ́."

Ìfọ̀

Mo dé Ìfọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ìyàwó olóògbé, Màmá Tòyìn, ń gbé nítòsí ojú irin, ẹja inú fírísà ni wọ́n ń tà. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn ní lẹ́tà. Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

"Ó ṣì ń wá ìwé ẹ̀! Ẹ gbà mí! Ọkọ mi máa ń sọ ọ́ pé ọkùnrin yìí ò ní gbàgbé láéláé! Ìyá Sàídì, ẹ wá o! Ẹ wá wo ọmọ tó wá gba ìwé láti Mowe!"

Èèyàn mà pé o! Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń pé wo ẹni tó bá jábọ́ láti orí igi? Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fi mí sáàárín.

"Ṣé ìwé ò sí ní Mowe ni?"

"Ó wà, mà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí."

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ kì í sùn, pẹ̀lú gbogbo àdúrà tí wọ́n ń fi òru gbà ní Kámpù tó wà lọ́dọ̀ yín yẹn?"

"A máa ń sùn, mà."

"Irọ́! Ẹ wo ojú ẹ̀."

Ojú mi yìí náà ni wọ́n tún ń wò! Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ ìlú gan-an, tó ń sọ "ńbẹ̀un" ní ìparí gbogbo ọ̀rọ̀, ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ẹni tó bá ti ń rìn jìnnà torí ìwé, ebi ló ń pa á. Ni wọ́n bá gbé láfún wá, funfun báláú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tó ń fà bí okùn àti orí ẹja ńlá kan. Mo jẹ ẹ́ tán, wọ́n gbé òmíràn wá. Mo ní mo ti yó. Màmá Tòyìn ní, "Ará Mowe, ṣé o fẹ́ bú mi nínú ilé mi ni?" Mo jẹ ìkejì. Ibẹ̀ náà ni mo sùn, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá Tòyìn ní àwọn ti rántí ibi tí ìwé náà wà. Abẹ́ fírísà! Ẹsẹ̀ fírísà kan ló kúrú, ọkọ wọn sì ti ki ìwé bọ̀ ọ́ lábẹ́ kó má báa mì. Ọkùnrin mẹ́rin wá gbé e. Wọ́n ka ẹní, èjì, ẹ̀ta, wọ́n gbé e sókè, mo dọ̀bálẹ̀ mo fa ìwé jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé fírísà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlẹ̀kùn ẹ̀ ṣí, ẹja tó ti dì bí òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ jáde lé wa lórí. Ẹja Títùs kan gbá mi lẹ́yìn! Ológbò mẹ́fà jáde láti ibi tí mi ò mọ̀.

Mo nu ìwé náà. Kì í ṣe ìwé odò. Ìwé nọ́ńbà fóònù ayé àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń to orúkọ gbogbo ẹni tó ní fóònù nígbà náà. Ó yẹ kí n sunkún, àbí? Ẹ̀rín ló pa mí! Torí àwọn ará Ìfọ̀ ti gbàgbé ẹja, wọ́n ti ṣùrù bo ìwé nọ́ńbà, wọ́n ń wá orúkọ àwọn èèyàn wọn. Ìyá Sàídì rí orúkọ àbúrò bàbá wọn, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Kò wọlé. Bóyá ó wà nínú mọ́ṣáláṣí." Ẹni tó ti kú láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé!

Àárín ariwo yẹn ni Màmá Tòyìn lu orí ara wọn. "Háà! Káfáyà, má bínú. Lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ mi, a kó gbogbo ìwé ẹ̀ yòókù fún àwọn yunifásítì tó wà ní Ìbógun. Láíbìrì wọn ló wà." Wọ́n wá yí lẹ́tà Tíṣà sẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé ti pẹ́, àmọ́ kò sí lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Wọ́n tún fi ẹja kan lé e.

Ìbógun

Oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ lósì, ni yunifásítì bá yọ láàárín ẹ̀gẹ́! Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ló pọ̀ níbẹ̀. Mo gbé ẹja mi sọ́dọ̀ géètìmáànù, mo wọ láíbìrì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé láti ilẹ̀ dé òkè àjà! Orí mi fò lọ. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé.

"Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Gbogbo wọn gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn fi ìka sẹ́nu. "Ṣṣṣṣ!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ní Mowe, tí o bá kí èèyàn tí kò dáhùn, ìjà ti dé nìyẹn. Mo ní bóyá mi ò kí wọn dáadáa. Mo wá ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, mo ń kúnlẹ̀ fún wọn níkọ̀ọ̀kan, mo ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí wọn létí: "Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìwé kíkà." Ọkùnrin kan sá kúrò lórí àga.

Màmá tó ń tọ́jú láíbìrì wá bá mi, wọ́n so awò ojú mọ́ ọrùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o fi ń kúnlẹ̀ káàkiri?"

Mo fún wọn ní lẹ́tà. Wọ́n ka iwájú, wọ́n ka ẹ̀yìn, wọ́n fi gèlè nu ojú, ẹ̀rín ni. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹni tó kọ ìwé náà, mo ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ní, "Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́, mà, mi ò mọ àkọlé ẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tó dá lé lórí." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan jáde. Ẹ wò ó, nọ́ńbà yìí dà bí àdírẹ́sì ilé: àdúgbò kọ́kọ́, òpópónà tẹ̀ lé e, ojúlé ló kẹ́yìn. Gbogbo ìwé ló ní ojúlé tiẹ̀! A rìn lọ sí àdúgbò náà, a ya sí òpópónà náà, a kan ojúlé náà. Aláwọ̀ búlúù! Orúkọ Tíṣà wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí wọ́n fọ ọwọ́!

Mo kígbe. "Ṣṣṣṣ!"

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́, Màmá Láíbìrì di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀yìn ni kí o lọ. Wọ́n to gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé sí ẹ̀yìn níbẹ̀, pẹ̀lú ojú ewé tí o ti máa rí wọn. Kí lorúkọ bàbá àgbà ẹ?"

"Bàbá Bíríkìlà."

"Orúkọ wọn gan-an."

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, mo tún pa á dé.

Ẹ̀yin èèyàn, mi ò mọ̀ ọ́n! Orúkọ bàbá mi, Ràsákì, ló tẹ̀ lé tèmi nínú sátífíkéètì. Bàbá àgbà, Bàbá ni. Ta ló fẹ́ béèrè pé kí ni wọ́n ń jẹ́? Mo ti rìn láti Mowe dé Ìbàfọ̀, láti Ìbàfọ̀ dé Ìfọ̀, láti Ìfọ̀ dé Ìbógun, mo wá orúkọ tí mi ò mọ̀!

Mo sá jáde lọ pe bàbá mi. Òkè Ọya ni wọ́n wa tírélà lọ, fóònù wọn ò wọlé. Mo pe ìyá mi.

"Màmi, kí lorúkọ Bàbá?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá Àgbà."

"Káfáyà! Ṣé o ti ń mu nǹkan kan níbẹ̀ yẹn ni? Èmi ni kí n dárúkọ bàbá ọkọ mi? Lórí fóònù? Kí gbogbo ayé gbọ́?"

"Màmi, kò sẹ́nì kankan níbí."

"Fóònù wà níbẹ̀! Ìyá àgbà ẹ rèé."

Ìyá Àgbà gbà á. "Háà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé, mi ò pè wọ́n lórúkọ rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ ni màá fi bà á jẹ́."

"Ìyá, mo bẹ̀ yín, ìwé náà wà lọ́wọ́ mi! Ẹ kàn fi nǹkan júwe ẹ̀."

Mo gbọ́ tí wọ́n ní kí ìyá mi ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n wá ní, "Ànábì tó kan ọkọ̀ nígbà tí omi fẹ́ gbé ayé lọ. Tó kó ẹran sínú ẹ̀, méjì-méjì."

"Núhù!"

"Mi ò sọ ọ́ o! Ìwọ lo sọ ọ́! Ṣé o gbọ́, ìyàwó, mi ò sọ ọ́!"

Mo yí ẹ̀yìn. Gbogbo láíbìrì ti jáde. Àwọn tó ń fi ìka sẹ́nu ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Màmá Láíbìrì náà gbàgbé, wọ́n pariwo: "Nóà tiwa nìyẹn!"

A padà sẹ́yìn ìwé. Mo wo Núhù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: wo Àjàní. Mo wo Àjàní. Wọ́n ní: wo Amọ̀nà. Mo wo Amọ̀nà. Wọ́n ní: wo Odò, ìrìn lọ sí. Àbí kí ni! Ó dà bí ìgbà tí o bá ń béèrè ọ̀nà, tí oníkálukú ń nawọ́ sí iwájú. Ní Odò ni wọ́n tó fún wa ní ojú ewé. Mo ṣí i. Kò sí i lókè, kò sí i láàárín. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kéré bí èèrà, ó wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, mo túmọ̀ ẹ̀ báyìí: "Ẹni tó mú wa dé gbogbo odò wọ̀nyí ni Núhù Àjàní, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Mowe tó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Láìsí i, a ò bá má rí ìdajì wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú wa ṣìnà, kò sì gbà lẹ́ẹ̀kan pé a ti ṣìnà."

Bàbá àgbà mi gan-an nìyẹn! Mo sunkún sórí tábìlì, wọ́n sáré gbé ìwé kúrò lábẹ́ omijé.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú un relé. Wọ́n ní irú ìwé yìí kì í jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Mo kúnlẹ̀. Màmá Láíbìrì ní kí n dìde. Mi ò dìde. Ni àwọn náà bá kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ mí kí n yéé bẹ àwọn! Àwa méjèèjì wà lórí orúnkún, à ń bẹ ara wa, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n gbà pé kí ìwé náà jáde dé ibi fótókọ́pì tó wà lẹ́yìn géètì, kó sì padà. Màmá Láíbìrì gbé e mọ́ àyà, géètìmáànù wà níwájú, ó ń lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé wa. Bí ìyàwó tuntun ni ìwé náà lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló bọ̀.

Mowe

Mo délé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ìrìn àjò mi, mo fi ẹja lé ìyá mi lọ́wọ́, mo dúró de Àsárì. Nígbà tí Bàbá kírun tán tí wọ́n dorí kọ ilé, mo dí wọn lọ́nà, mo di ọ̀pá wọn mú, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó díẹ̀." Wọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, bí àlejò.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kàmọ́rù, mo fún wọn ní fótókọ́pì náà. Mo ti kọ Yorùbá ẹ̀ sẹ́yìn.

"Kí nìyí?"

"Ìwé tí ẹ ní ó dà ni, sà."

Bàbá Kàmọ́rù ní, "Ó dáa, kà á ká gbọ́."

"Mi ò lè kà á, sà. Orúkọ wọn wà níbẹ̀."

Ó yé wọn. Àwọn nìkan, nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ni wọ́n lè pè é, torí àwọn ni wọ́n jọ dàgbà láti kékeré. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n ka díẹ̀ nínú, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n wá kà á sókè:

"Núhù Àjàní."

Bàbá àgbà mi fò dìde. "Mò ń bọ̀ o!"

Mo fi Ọlọ́run búra, bí ọmọ ọdún méje tí ìyá ẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ṣe dáhùn. Wọ́n dúró síbẹ̀ láìní ọ̀pá, wọ́n ń wò yíká, àfi bí ẹni pé àwọn ò mọ ẹni tó dáhùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Kàmọ́rù na ọwọ́ sí wọn, wọ́n sún kúrò láàárín bẹ́ǹṣì, Bàbá sì jókòó síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á tán," ni Bàbá Kàmọ́rù wí. "Láìsí i, a ò bá má rí ìdajì wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú wa ṣìnà..."

"Irọ́ ni!" Bàbá àgbà mi lu orúnkún. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni!"

"Núhù, ìwé ló sọ ọ́ o."

"Ìwé ń purọ́! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní! Ìkẹta yẹn, ọ̀nà àbùjá ni!"